Ojú Fóònù Mórótì

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀. Mo ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́
nígbà tí ìyá kan yọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, nítòsí gáréèjì Ìsánlú.
"Ọkùn o," ló wí. Mo ní, "Ọkùn o, ìyá."
Ó tú etí ìró rẹ̀.
Fóònù dúdú kan ló gbé lé tábìlì,
ó rọra gbé e, bí ẹni gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.
Gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ yángáyángá,
erùpẹ̀ pupa dí ihò tí wọ́n fi ń fún un níná.
"Ti Mórótì ni."
N kò bi í léèrè Mórótì wo.

Ọmọ tó di àpò kaṣú méjì sẹ́yìn ọ̀kadà,
tó ń lọ tà á ní Kàbbà,
tí wọ́n ní ó sá fún àwọn agbófinró,
tí wọ́n ní ó ṣubú, ó forí gbá òkúta.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní àgọ́ wọn.
Wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Ojú fóònù fọ́. Fóònù kò fọ́jú.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá erùpẹ̀ kúrò,
mo yọ káàdì tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́,
mo tì í bọ ẹ̀rọ.
Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ewúrẹ́ kan lórí òrùlé.
Pátákó tí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń ra kaṣú sí.
Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fídíò kan:
ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.

Kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.
Bàtà ni. Bàtà dúdú, ilẹ̀ pupa,
kaṣú tó ń dà wàràwàrà bí yìnyín,
ìdí ìbọn,
ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan àti ìdajì nọ́ńbà rẹ̀.
Ohùn kan ní, "Ìwọ lo lóò ní fún wa lówó?"
Èkejì rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀kẹta, ti Mórótì:
"Ẹ jọ̀ọ́, owó ilé-ìwé àbúrò mi ni."

Ẹ̀rín yẹn, mo mọ̀ ọ́n.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ni í jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí gan-an,
ó ní kí n bá òun pààrọ̀ bátìrì fóònù òun.
Ó san owó mi pé. Kò jẹ mí ní kọ́bọ̀.

Mo pa á. Ìyá ní, "Tún un tàn."
"Ìyá, ẹ má wò ó."
"N ò wò ó. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."
Ó dijú. Nígbà tó dé ibi "àbúrò mi",
ó gbórí sókè,
bí ẹni tí wọ́n pè láti yàrá kejì.

Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta.
Ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò obìnrin kan ní Lọ́kọ́ja.
Ó ní kí n má gé e, kí n má fi orin sí i,
kí n kọ ọjọ́, kí n kọ wákàtí, kí n kọ orúkọ mi.
Ọ̀kan wà nínú àká àgbàdó. N kò ní sọ àká ta ni.
Ẹ̀kẹta, ìyá rán an mọ́ etí ìró rẹ̀.

Orúkọ mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.
Mo ní ìyàwó. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ní ìlẹ̀kùn méjì.
Lóru, mo tún fídíò náà wò, mo ń wá òkúta.
Mo wò ó nígbà mẹ́rìnlá.
Ilẹ̀ tẹ́jú. Kaṣú nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo kọ orúkọ mi, mo fi ti bàbá mi kún un.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹlẹ́rìn-ín tún dé.
Ó ní bátìrì yẹn kì í pẹ́ kú.
Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní kó jókòó.